Ta Ló Ń Parọ́, Èmi Ni Tàbí Òṣùwọ̀n?

Oṣù karùn-ún nìyí tí mo ti ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀, tí mò ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Sángo, níbí ní Ìbàdàn, tí mo sì ń rìn padà. Dókítà ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ra ìwé kékeré kan, mò ń kọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu mi kọjá sínú rẹ̀, pẹ̀lú iye kálórì rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Kílò 96 ni mo wọ̀n lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Kílò 96 náà ni mo wọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ráhùn fún àbúrò mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Brọ̀dá mi, ẹ sọ òótọ́. Ṣé ẹ kì í dìde lóru lọ bá ìkòkò?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun, nítorí pé èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo sọ ọ́ sí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí. Ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ nígbà náà, ó ń rìn kiri, síbẹ̀ kò rù. Níbi ìnáwó kan, lójú gbogbo ẹbí, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, àwo yín ni kẹ́ ẹ bá wí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, n kò rí i kí ó jẹun lóde mọ́. Á ní òun ti jẹun wá.

Àwa Yorùbá mà ni! Láyé àtijọ́, ẹni tó sanra ni a ń pè ní ẹni tí ayé rẹ̀ dára. Bí mo bá rù lónìí, ìyá mi á bi mí pé àìsàn wo ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ní ìgboro wa yìí, ẹni tó sanra ti di ọ̀jẹun àti ọ̀lẹ.

Lóòótọ́, ìṣirò wa kì í péye. Ní 1992, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà wọn oúnjẹ àwọn ènìyàn tó ní àwọn ń jẹ díẹ̀ tí àwọn kò sì rù. Ohun tí wọ́n jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n sọ. Ẹ ò rí i, àbúrò mi jàre! Ó tì o. Òpùrọ́ ni ẹni tó mọ òótọ́, tó wá fi í pamọ́. Ẹni tó ṣi nǹkan kà kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ara pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ní 2012, wọ́n yẹ àwọn Hadza ní Tanzania wò, àwọn tó ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń wa iṣu inú igbó, tí wọ́n ń rìn lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n ro ti bí ara kálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, kálórì tí wọ́n ń ná lójúmọ́ kò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jókòó sọ́fíìsì lọ. Ní 2016 ẹ̀wẹ̀, wọ́n tún wo àwọn 14 tó díje lórí tẹlifíṣọ̀n láti rù. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìdíje náà, ara wọn ṣì ń ná nǹkan bí kálórì 500 dín sí iye tó yẹ lójúmọ́, bí ẹni tí ìyàn ti mú rí tó ń há owó mọ́wọ́. Ta ló wá lè wo ikùn ènìyàn kó mọ bó ti ṣe làálàá tó?

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó gba ìwé mi, ó ń ṣí i wò.

"Ẹ̀fọ́, ṣíbí mẹ́ta. Epo ńkọ́? Níbo lo kọ epo sí?"

N kò kọ ọ́. Gíráàmù epo kan, kálórì 9; ṣíbí ìjẹun kan ju 100 lọ. Oṣù márùn-ún, n kò kọ epo!

Mo sọ fún un pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi tilẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀, bí n kò tiẹ̀ rù. Ó ní kí n máa rìn lọ. Ó wọ inú ilé ìdáná, ó gbé àwo méjì jáde.