BÍ ÒKÈ BÁ YA PA ÈNÌYÀN, ṢÉ ÀMÚWÁ ỌLỌ́RUN NI?



Òkè kì í ṣe ọ̀tá wa. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Kí ló wá ń sọ ibi ààbò di ibi ikú?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent, nítòsí Freetown, ní Sierra Leone. Àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000.

Ẹnu wa máa ń yá láti pe irú èyí ní àmúwá Ọlọ́run. Ọlọ́run ló ni òjò, a gbà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi ló ń di erùpẹ̀ òkè mú. Ta ló gé igi? Ẹsẹ̀ òkè ló gbé ara òkè ró. Ta ló gbẹ́ ẹ kọ́lé?

Òótọ́ ni pé tálákà kì í rí ibòmíràn gbé. Nítorí náà, a kò dá òkú lẹ́bi. Ọrùn ẹni tó mọ ewu tó sì ta ilẹ̀, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ni ẹ̀bi wà.

Akọ òkúta ni Kufena tiwa ní Zaria, kò rí bí òkè Freetown. Síbẹ̀, kí a má torí owó pọ́ọ́kú kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè tàbí ojú àgbàrá, kí a wá fi ayálégbé sí i láìsọ fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa. Kí àwa náà ṣọ́ra.