Ìmọ́tótó Ilé Ẹ̀kọ́: Ta Ni Ń San Gbèsè Rẹ̀?

Kò sí ẹni tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ tí a gbá, tí a sì fọ̀, tí inú rẹ̀ kò ní dùn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìmọ́tótó borí àrùn. Wọ́n a máa fi ìgbálẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n tó fi ìwé lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àṣà mìíràn ti wọ àárín wa: a kì í fẹ́ gbà mọ́ pé ibì kan mọ́ àfi bí òórùn rẹ̀ bá ń ta ni ní imú. Bí alábẹ̀wò bá ń bọ̀, tàbí bí ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó da Izal sí ẹnu ọ̀nà, a ó da bílíìṣì sí ilé ìgbẹ́, gbogbo ọgbà yóò sì máa rùn bí ilé ìwòsàn. Àlejò yóò wọlé, yóò sì yìn wá pé, "Ẹ kú ìtọ́jú." Ìbéèrè tí àwa fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ní oṣù yìí ni èyí: bí ohun tí a fi fọ ilé bá ń pa ọmọ tí ó wà nínú ilé náà lára, ǹjẹ́ a lè pe iṣẹ́ náà ní ìmọ́tótó? Bí ewu kan bá sì wà tí ẹnì kan ní láti gbé kí ilé tó mọ́, ta ni ó tọ́ kí ó gbé e?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kò bá oògùn apakòkòrò jà. Onígbáméjì, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò kú tán ní ilẹ̀ wa, ìdọ̀tí sì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Ní ọdún 1865, ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, oníṣẹ́ abẹ tí a ń pè ní Joseph Lister bẹ̀rẹ̀ sí fi carbolic acid, oògùn kan tí Izal jẹ́ ìbátan rẹ̀, tọ́jú ojú ọgbẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí tí ìbá ti ṣòfò ni a gbà là nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí ó lè pa kòkòrò kì í yà á sọ́tọ̀ pé ara kòkòrò ni èyí, ara ènìyàn sì ni èyí. Oògùn kan náà a máa bó ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ó sì pẹ́, Lister tìkára rẹ̀ jáwọ́ nínú fífọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́ iyàrá iṣẹ́ abẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá ni ohun tí ń gbà là àti ohun tí ń pani lára ti jọ ń gbé inú ìgò kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú àwọn ìgò náà. Bílíìṣì, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Jik tàbí Hypo nítorí orúkọ tí a kọ sí ara ìgò, ní kílórínì nínú. Bí a bá lò ó níwọ̀n, ó wúlò. Ṣùgbọ́n bí a bá dà á pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ̀gbẹ́ tí a fi ásíìdì ṣe, afẹ́fẹ́ kílórínì yóò jáde. Afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ojú àwọn ọ̀tá wọn ní ẹ̀bá ìlú Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915. Lóòótọ́, ìwọ̀n tí yóò jáde nínú ilé ìgbẹ́ kò tó ti ojú ogun; ṣùgbọ́n iyàrá náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹni tí ó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń fọ̀ ọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ewu lè wà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò kan ṣoṣo ni a lò. Ìtọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ ní amóníà nínú. Òun ni òórùn tí ń ta ni ní imú ní ilé ìtọ̀. Bí a bá da ògidì bílíìṣì lé e lórí, afẹ́fẹ́ mìíràn tí ń ta ojú, tí ó sì ń ha ọ̀fun, yóò ti inú rẹ̀ jáde. Ọmọ tí a rán láti fọ ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fà á símú.

Oògùn mìíràn tún wà tí ó burú ju èyí lọ, èyíinì ni èyí tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A pò ó ní ẹ̀yìnkùlé, a rọ ọ́ sínú ìgò omi tàbí ìgò ẹlẹ́rìndòdò, a sì ń kiri rẹ̀ láìsí ìwé kankan lára rẹ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ, ó rí omi aláwọ̀ pupa tàbí aláwọ̀ ewé nínú ìgò tí ó mọ̀. Kí ni a rò pé yóò ṣe? Àwọn dókítà ní ilẹ̀ wa ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ó ṣèèṣì gbé omi sóòdà tí a fi ń ṣe ọṣẹ mu, tí ọ̀nà ọ̀fun wọn jóná, tí ó sì dí, tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò fi lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa mọ́.

Ewu náà kò sì parí nígbà tí a bá da omi náà nù. Bí oògùn líle bá pọ̀ jù nínú ihò ilé ìgbẹ́, yóò pa àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń jẹ ẹ̀gbin ibẹ̀ kí ó lè jẹrà. Bí a bá dà á sí gọ́tà, gọ́tà yóò gbé e lọ sí odò. Kílórínì kò sì ṣe ẹja ní rere. Bí kànga bá wà nítòsí, ohun tí a fi lé ìdọ̀tí jáde ní ẹnu ọ̀nà lè gba abẹ́ ilẹ̀ padà bọ̀ wá bá wa nínú ife omi.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ewu kan kò sí tí àgbà kò lè fara dà." Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í ṣe àgbà kékeré. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí wé ìwọ̀n ara rẹ̀, ti ọmọdé pọ̀ ju ti àgbà lọ. Imú rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kí ó tó dé ẹnu. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ní ikọ́ tí ń séni ní èémí, èyí tí a ń pè ní ásímà, òórùn líle yìí tó láti dá a wó. Ju gbogbo èyí lọ, ọmọ tí ó kéré kò lè ka ìwé ara ìgò, èyí tí ó tilẹ̀ lè kà á kò jẹ́ wí fún olùkọ́ rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò lè ṣe é." Níbí ni ìdí ọ̀rọ̀ wa wà. Àgbà tí ó mọ ewu tí ó sì yàn án, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi yàn án. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò mọ̀, a kò bi í, kò sì lè kọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn àgbà tí a gbà síṣẹ́ láti máa fọ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn onímọ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Bergen ní ilẹ̀ Nọ́wè tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018, nínú èyí tí a ṣàkíyèsí àwọn ènìyàn tí ó ju 6,000 lọ fún nǹkan bí 20 ọdún. Wọ́n rí i pé agbára ẹ̀dọ̀fóró àwọn obìnrin tí ń lo ohun ìfọlẹ̀, ìbáà ṣe ní ilé ara wọn tàbí ní ibi iṣẹ́, ń dínkù kánkán ju ti àwọn obìnrin tí kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí ó gbé korobá ní ọgbà wa kò mọ ìwádìí yìí. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀.

Àwáwí mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Èkíní ni pé, "A kò ní ibi lọ́kàn." A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò rere a máa gba ènìyàn lọ́wọ́ orúkọ ìkà; kì í gbà á lọ́wọ́ ẹ̀bi àìbìkítà. Òfin Mósè pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ògiri yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú. Òfin náà kò dúró títí ẹnì kan yóò fi ṣubú kí ó tó bá onílé wí.

Èkejì ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́ àwa náà, a kò sì kú." Ẹ jẹ́ kí a rántí dáadáa. Ìgbálẹ̀, eérú, ewé ẹ̀pín, ọṣẹ dúdú àti omi ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa fi ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ìgbà èwe wọn. Ẹni tí ó sì la odò kọjá kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ẹni tí omi gbé lọ. Àwa kò wí pé kí ọmọ má ṣiṣẹ́. Kí ó gbálẹ̀, kí ó nu tábìlì, kí ó ro oko yí ọgbà ká, kí ó má baà di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi fífọ ilé ìgbẹ́ pẹ̀lú oògùn líle ṣe ìjìyà, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó dé ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀, tí ó fi yẹ kí ojú rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ san án?

Ẹ̀kẹta ni pé, "Kò sí owó." Èyí ni ó yà wá lẹ́nu jù, nítorí ohun tí kò léwu ni kò wọ́n. Ọṣẹ àti omi ni olórí ohun ìfọlẹ̀; fèrèsé tí a ṣí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gba ayé kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ni pé kí a kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi mú ìdọ̀tí kúrò, nítorí ìdọ̀tí a máa sọ agbára bílíìṣì di òfo. Àti pé èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 1,000 tó fún ojú tábìlì àti ilẹ̀. Bí a bá kọ 3.5 nínú 100 sí ara ìgò, ife 1 sí ife omi 34 ni èyíinì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹni tí ó da ìdajì ìgò sí ilẹ̀ kò fọ ilẹ̀ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ; owó ni ó dànù, ó sì da èémí ọmọ pọ̀ mọ́ ọn. Àjọ náà tún wí ní ọdún yẹn pé a kò gbọdọ̀ fọ́n oògùn apakòkòrò sí ara ènìyàn rárá.

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ̀. Ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ní ìgbà òtútù tí ọdún 1889 fi wọ 1890, nọ́ọ̀sì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Caroline Hampton. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ abẹ ń bó ọwọ́ rẹ̀. William Halsted, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ náà, kò wí fún un pé kí ó mú un mọ́ra nítorí pé iṣẹ́ rere ni. Ó mú kí a fi rọ́bà ṣe ìbọ̀wọ́ fún un. Nígbà tí ó yá, a rí i pé ìbọ̀wọ́ náà dáàbò bo aláìsàn pẹ̀lú, ó sì di ohun tí gbogbo oníṣẹ́ abẹ ní ayé ń lò. Ẹni tí ó ṣàánú ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó ti ibẹ̀ rí àǹfààní fún gbogbo ènìyàn. Ta ni ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ tiwa, lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ ilé ìgbẹ́ tán?

Ní ìpínlẹ̀ New York, òfin ni wọ́n ṣe ní ọdún 2005, pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa lo ohun ìfọlẹ̀ tí ewu rẹ̀ kéré fún ènìyàn àti fún àyíká. Ìpínlẹ̀ Illinois ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2007. Àwa kò ní láti dúró de òfin. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olúkúlùkù ni ó ní ìpín tirẹ̀. Ti ọmọdé ni ìgbálẹ̀ àti àkísà. Ti àgbà ni ìgò. Kí àgbà nìkan ṣoṣo máa po oògùn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí. Kí a má ṣe po oògùn kan mọ́ èkejì láé. Kí a fi omi púpọ̀ ṣan ìtọ̀ kúrò kí bílíìṣì tó dé ibẹ̀. Kí a máa ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé. Kí oògùn wà nínú ìgò tí a tà á nínú rẹ̀, nínú àpótí tí a tì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí a mọ̀. Kí a má ṣe ra èyí tí kò ní ìwé lára. Kí a má sì da omi rẹ̀ sí ẹ̀bá kànga.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún wọ ilé ẹ̀kọ́ tí òórùn oògùn sì pàdé yín ní ẹnu ọ̀nà, ẹ má ṣe yára yin ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé ta ni ó fọ̀ ọ́, kí ni ó fi fọ̀ ọ́, níbo ni ìgò náà sì wà nísinsìnyí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe bínú sí ẹni tí ó bá béèrè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni ọjà tiwa. Àwọn ọmọ náà wà ní ẹ̀yìn wa, a kò sì lè wí pé a kò rí wọn.