Omi Ògùnpa àti Ohun tí Ọwọ́ Wa Ṣe

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń rọ òjò. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa ya wọ ilé àti ọjà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, ọdún 2011, àgbàrá tún pa ènìyàn tó lé ní 100. Kádàrá ni, a gbà. Ṣùgbọ́n ta ló da ọ̀rá sínú gọ́tà? Èéfín epo tí aráyé ń sun ti mú ayé móoru, òjò sì ń rọ̀ lákọlákọ ju ti àtijọ́ lọ. Ìwọ̀nba ni tiwa nínú èéfín náà. Gọ́tà tó dí, tiwa ni.

Ànábì kọ́ wa pé mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́, àti pé igi tí a gbìn tí ẹyẹ jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni. Nítorí náà, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọ̀la, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbé ṣọ́bìrì jáde. Ẹ̀yin aáfàá ilé-kéú, ẹ fi ojú ọ̀nà omi han àwọn ọmọ. Ọmọdé kì í tijú àtibá àgbà tó ń da ilẹ̀ sódò wí. Ẹni tó kọ́lé sétí odò, ẹ má ṣe pẹ̀gàn rẹ̀. Ẹ bá a wá ibi gíga kí òjò tó dé.