Gẹ̀ẹ́sì Ọ̀rọ̀ Ajé àti Ẹni Tí Kò Gbọ́ Ọ

Kò sí ọmọ tí ó wọ Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1981, tí kò ní jókòó ti ẹ̀kọ́ ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìbáà ṣe ẹ̀rọ ni ó wá kọ́, ìbáà ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, yóò kọ́ bí a ti í kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́, bí a ti í kọ àbọ̀ ìpàdé, àti bí a ti í tọrọ iṣẹ́ lọ́nà tí ọ̀gá yóò fi fetí sí ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ọjà tí kò lè polówó rẹ̀, àfàìmọ̀ kí ọjà náà má kú sí i lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè ni gbèsè tí ẹni tí ó ní ìmọ̀ náà jẹ ẹni tí kò ní in.

Ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kí oníbàárà tó béèrè iye tí a ń ta gàrí, yóò kọ́kọ́ kí ìyá ọlọ́jà pé ajé á wọ igbá. Lẹ́yìn náà ni ìdúnàádúrà yóò bẹ̀rẹ̀, tí ojú yóò máa wo ojú. Bí owó bá sì ti bọ́ sí i, oníbàárà yóò béèrè ènì. Bí ìyá náà bá lu ìdí kóńgò wọnú, ẹni tí ó rẹ́ jẹ mọ ibi tí ó ń jókòó sí. Lẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó gbà á wà ní Òǹdó. Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ní ìhun gbólóhùn kan tí ó máa ń yọ olùṣe kúrò pátápátá, tí a óò fi gbọ́ pé owó ti di dídádúró láìgbọ́ orúkọ ẹni tí ó dá a dúró. Yorùbá kò ní irú ìhun bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ fún wa yóò wí pé 'a dá owó yín dúró', tàbí pé 'wọ́n dá a dúró', etí yóò sì béèrè pé, àwọn wo ni 'wọ́n'?

Kí a má ṣe àṣejù ṣá o. 'Wọ́n ní' ti bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ irọ́ mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, gbájúẹ̀ kò sì nílò Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó gba owó olówó. Lẹ́tà ajé ní ìwà rere tirẹ̀: ó ní déètì, ó ní orúkọ, ó ní ìbuwọ́lù.

Ìdí kòkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ní ayé ìjọba àwọn òyìnbó, akọ̀wé kan a máa jókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́bàá kóòtù. Àgbẹ̀ yóò rojọ́ ní Yorùbá, akọ̀wé yóò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ yóò sì tẹ̀ka sí ohun tí kò lè kà. Títí di ọdún 1986, àjọ ìjọba ni ó ń dá iye owó kòkó. Nígbà tí ìjọba tú àjọ náà ká ní ọdún náà, àgbẹ̀ àti oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó láàrin ara wọn, ìwé àdéhùn sì wá níyì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ká ní ọmọ àgbẹ̀ kan láti ìgbèríko Òǹdó kàwé jáde ní Àkúrẹ́, tí ilé-iṣẹ́ tí ń ra kòkó gbà á síṣẹ́, tí wọ́n sì fi ìwé àdéhùn rán an lọ sí abúlé. Ìwé náà wí pé a lè dín owó kù bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù nínú kòkó, àti pé ilé-iṣẹ́ nìkan ni yóò wọn ọ̀rinrin náà. Àwọn àgbàlagbà bi í pé, 'Ọmọ wa, kí ni ó wà níbẹ̀?' Bí ó bá ka iye owó, tí ó sì fo apá tí ó kù, kò pa irọ́ kankan. Àwọn kan yóò wí pé ilé-iṣẹ́ ni ó ń san owó oṣù rẹ̀, pé kì í ṣe agbẹjọ́rò àgbẹ̀. Àwíjàre yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí ẹni tí a gbà síṣẹ́ jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní ìṣòótọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòótọ́ sí ọ̀gá kò dé orí pé kí ènìyàn sọ àìgbédè ẹlòmíràn di ọjà títà. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà pè é ní ọmọ wọn, etí ara wọn ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè ka gbogbo ìwé náà ní Yorùbá lójú wọn kí ojú má tì í, a jẹ́ pé ìwé náà ní àbùkù, bí gírámà rẹ̀ tilẹ̀ ń dán.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní Òǹdó, tí ó ti di yunifásítì báyìí, ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá láti nǹkan bí àwọn ọdún 1960 wá. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ìbá ṣòro nínú pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ lẹ́tà ajé tán tún kọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, bí yóò ti kà á fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn? Ní Òǹdó, ó lè ṣeé ṣe. Ní Àkúrẹ́, níbi tí ọmọ Igbo, ọmọ Ẹ̀bìrà àti ọmọ Yorùbá ti jọ ń jókòó nínú kíláàsì kan, olùkọ́ tí yóò máàkì rẹ̀ ni ó ṣòro láti rí.