Ọ̀rọ̀ Orí Afẹ́fẹ́, Ta Ló Ni Ín?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí léèrè bóyá olè ni ẹni tí ó gbọ́ ohun tí a kò bá a sọ. Rédíò kékeré àfọwọ́mú kan ni ó fa ìbéèrè náà, irú èyí tí ń sáré láti orí ìgbì kan dé òmíràn, tí ó sì ń dúró níbi tí ó bá ti gbọ́ ohùn.

A pín orí afẹ́fẹ́ bí a ti pín ọjà: oníṣu kì í pàtẹ sí ìsọ̀ aláṣọ. Láti 87,5 dé 108 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì ni ilé iṣẹ́ rédíò FM ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Láti 118 dé 137, awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tí ń darí rẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wà láàárín 156 sí 162. Lórí 156,8 ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń rì ti ń ké gbàjarè, ó sì ń fẹ́ kí gbogbo etí gbọ́. Lókè 400 ni a ti sábà máa ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ pàdé.

Ìlànà àgbáyé tí UIT ń tọ́jú ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ka yíyọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn léèwọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni kí a ṣe sí ohun tí a ti gbọ́ ná?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Àjàṣẹ́, rédíò ọ̀rẹ́ mi dúró sórí ohùn kan tí mo mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ilé kan ní àdúgbò wa ni. Ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ara ọmọ òun ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta, owó oògùn kò sì sí. Ó yẹ kí n pa rédíò náà. N kò pa á. Mo gbọ́ ọ tán, bí ẹni tí ó yọjú wọ yàrá onílé láìkan ilẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀, owó wà lápò mi. Bí mo bá fún un, yóò fẹ́ mọ ẹni tí ó sọ fún mi. Bí n kò bá fún un, kí ni mo gbọ́ ọ fún? Ẹni tí ń rì lójú òkun ti pè wá. Ọkùnrin yìí kò pè mí. Èrò mi ni pé ẹni tí ó gbọ́ ti jẹ gbèsè, ẹni tí ó sì yọ́ gbọ́ jẹ méjì: ti ìrànlọ́wọ́ àti ti ìjẹ́wọ́.

Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ. Ó ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Mo sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ fún un. Ó wò mí títí, ó gba owó náà, kò sì dúpẹ́.