Má Fi Ìkánjú Ba Ọwọ́ Rere Jẹ́

Ìwọ tí ò ń tẹ káàdì ìyàwó ní Oju Ore, ìwọ tí ò ń fín igi ní Ọ̀tà tí àwọn oníbàárà sì ń yìn ọ́, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sebald Beham.

Ní Nuremberg, nílẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1500. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló fi ń fín àwòrán sára bàbà pẹlẹbẹ. Á fi yíǹkì kún ojú ibi tó fín, á nu ìyókù kúrò, á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ó fín ìtàn àwọn òrìṣà Gíríìkì púpọ̀. Àwòrán akọni Hercules tó ń bá kìnnìún jà, tó fín lọ́dún 1548, kò tó káàdì ATM, síbẹ̀ iṣan ara akọni náà hàn kedere.

Ọwọ́ rẹ̀ dára. Sùúrù ni kò ní.

Bẹ́ẹ̀, ìlú ti fàyè gbà á lẹ́ẹ̀kan rí: lọ́dún 1525, wọ́n lé e kúrò nílùú nítorí ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́. Kí ọdún tó parí, wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n gbà á padà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1528, Albrecht Dürer, àgbà ayàwòrán ìlú náà, kú. Ó fi ìwé tó kọ lórí ìdíwọ̀n ara èèyàn sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Agnes, sì dúró ti ìwé náà kó lè jáde. Beham náà ń ṣe ìwé tirẹ̀ lórí ìdíwọ̀n ẹṣin. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé inú iṣẹ́ olóògbé ló ti mú un. Lóṣù Keje, ìgbìmọ̀ ìlú pàṣẹ pé kó má gbé ìwé náà jáde títí ti Dürer yóò fi jáde.

Ibi tó ti ṣìnà nìyí. Wọn ò gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò ní kó má fín àwòrán mọ́. Wọ́n kàn ní kó dúró ni. Ìparí oṣù Kẹwàá ni ìwé Dürer jáde, nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré! Ṣùgbọ́n Beham kò dúró. Ìwé ẹṣin rẹ̀ jáde lọ́dún náà, òun fúnra rẹ̀ sì sá fi ìlú sílẹ̀.

Ó dé Munich, ó dé Frankfurt, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1550. 

Àjò yìí náà ló ti fín kìnnìún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó lè fín irú rẹ̀, kí ló fẹ́ fi iṣẹ́ olóògbé ṣe?

Ìwọ náà, bí ọ̀gá rẹ bá kú, àwọn àwòrán tó fi sílẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Ti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Lọ bá wọn, kí o tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró. Ohun tí Ọlọ́run fi sí ọ lọ́wọ́ tó ọ jẹ.