Ta Ni Ó Ni Ilé?

Bí a bá bèèrè ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, orúkọ Henry Townsend ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọn kò purọ́. Ní 1843 ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní 1846 ni òun àti Àjàyí Crowther wá fi ìdí iṣẹ́ ìhìnrere múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ ha ni onílé nígbà gbogbo bí?

Nígbà Ìfọ́lé ní 1867, àwọn Ẹ̀gbá fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó ẹrù inú wọn lọ, àwọn òyìnbó ajíhìnrere sì fi ìlú sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá kò bá wọn lọ. Wọ́n dúró, wọ́n sì ń jọ́sìn lọ.

Ẹnìkan lè wí pé dídúró nìkan kò sọ ni di onílé, nítorí pé ayálégbé pàápàá a máa dúró. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ayálégbé kì í jìyà nítorí ilé onílé; a kó ẹrù rẹ̀, a wá ibòmíràn lọ. Lójú tèmi, àwọn tí wọ́n jìyà nítorí ilé náà ni wọ́n ni ín.

Àwa tí a ń fi ṣọ́ọ̀ṣì yìí yangàn lónìí ńkọ́? Kí ni a ti rù nítorí rẹ̀?